Bí Ajá Ṣe Tọrọ Kíkùn Lọ́wọ́ Òjò

Nígbà láéláé, nígbà tí ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú igbó wá ń bá ènìyàn gbé, gbígbó nìkan ni ohùn tó ní. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á gbó. Bí ó bá rí àlejò, á gbó. Ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, kò ní ohùn tí yóò fi sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ á dákẹ́, eyín rẹ̀ á sì sọ̀rọ̀.

Abo ajá kan wà nílé Àwẹ̀ró ọlọ́ṣẹ. Ó bímọ sábẹ́ àká àgbàdo, ojú àwọn ọmọ náà kò sì tíì là. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Àyọ̀ká, ọmọ Àwẹ̀ró, rá wọ abẹ́ àká, ó nawọ́ sí ọmọ ajá kan.

Àyà Ajá já. Ó fẹ́ sọ pé, "Fi í sílẹ̀!" Kò rí ohùn. Ó bá gé ọmọdébìnrin náà jẹ lápá.

Igbe ta. Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí, aládùúgbò wọn, sáré dé. "Ẹ jẹ́ kí n gé irun ajá yìí, kí á jó o, kí á fi dí ojú ọgbẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni Àwẹ̀ró wí. "Itọ́ ajá ṣì wà nínú ẹran ara ọmọ mi. Bí a bá dí i, a dí oró mọ́nú ni."

Ó gbé Àyọ̀ká lọ sí etí odò. Ó fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, ó da omi sí i, ó tún fọ̀ ọ́. Ọmọ ń ké, ìyá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró títí ojú ọgbẹ́ fi mọ́. Ó fi aṣọ mímọ́ bò ó, kò dì í le, ó sì gbé e tọ oníṣègùn lọ.

"Lọ́la, ajá yìí á padà sígbó," ni Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí búra.

Ajá gbọ́. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò ríran. Ṣùgbọ́n igbe Àyọ̀ká ló ń dùn ún jù.

Nírọ̀lẹ́, òjò ṣú, ó ń kùn lókèèrè. Àwọn obìnrin sáré kó èlùbọ́ wọn kúrò lórí àpáta. Nígbà tí òjò fi máa rọ̀, kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ajá gbójú sókè. "Òjò, ẹ̀yin tí ẹ ń kìlọ̀ kí ẹ tó dé, ẹ bùn mi nínú ohùn yín."

"Ṣé kí o lè máa dẹ́rù ba ọmọdé ni?"

"Rárá o. Kí wọ́n lè yẹra kí eyín mi tó dé ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Òjò lára. Ó bù fún un, ìwọ̀n tí ọ̀fun ajá lè gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí dé, ó nawọ́ sábẹ́ àká. Ajá kùn: "Hùùùn!" Bàbá fò sẹ́yìn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Eyín kò kàn án. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àwẹ̀ró! Ó sọ fún mi!"

"Ẹ jẹ́ kó máa gbé, bàbá. Ẹni tó kìlọ̀ fún ni kì í ṣe ọ̀tá ẹni."

Ọgbẹ́ Àyọ̀ká jinná. Ó ń jókòó lókèèrè wo àwọn ọmọ ajá, títí Ajá fi dìde fúnra rẹ̀ wá gbé orí lé e nítan.

Láti ọjọ́ náà ni ọṣẹ àti omi ti ń ṣáájú ohun gbogbo lójú ọgbẹ́ ajá, kí á tó gbé ọmọ lọ síbi ìtọ́jú. Láti ọjọ́ náà ni ajá sì ti ń kùn kí ó tó gé ni jẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó má sáré, kó rọra fà sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀.