Eríálì Ọlọ́nà Mẹ́ta

Èbúté-Ìrókò wà létí ọ̀sà, fóònù kì í sì í ṣiṣẹ́ lójú omi níbẹ̀. Rédíò ọwọ́ ni àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń ké sí ilé. Ẹni tí òpó rédíò rẹ̀ bá ga jù ni ìlú ń pè ní Etí Ìlú. Òun ló gbọ́dọ̀ dá ọlọ́kọ̀ lóhùn, òun ló sì ń rán ènìyàn jáde bí ewu bá dé. Oyè yìí kì í ṣe oyè ẹ̀rín rárá. Tíṣà Akínṣùlírẹ̀ ló wà lórí rẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo ni eríálì rẹ̀, irin tó ń gba ohùn lórí òpó, mọ̀, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà yẹn, bí ohùn rẹ ti wù kó kéré tó, yóò gbọ́ ọ. Ó sú Tíṣà. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹja àti ọ̀rọ̀ àwọ̀n ti kún òun létí. Ló bá lọ ra eríálì ọlọ́nà mẹ́ta, èyí tí yóò máa gbọ́ àwọn ìlú òkèèrè.

Ládiípọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà ní rédíò, bá a wí. Ó ní, "Akin, eríálì tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta kì í ṣe ọ̀kan dójú ẹ̀. Fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lórí òpó, kó o gbé tuntun sórí òrùlé."

"Orí òrùlé kẹ̀? Kó máa gbọ́ ohùn adìyẹ, àbí? Ìlara ló ń ṣe ọ́, jàre."

Ó sọ ti àtijọ́ kalẹ̀, ó gbé tuntun gun òpó. Agídí burú!

Ọmọ́lará, ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà bí, máa ń fi ọkọ̀ gbé ẹja gbígbẹ lọ sí òdìkejì ọ̀sà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń padà bọ̀, ìjì dé, ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbomi. Ó gbé rédíò ọwọ́, ó ké sí bàbá rẹ̀. Ohùn náà kò lágbára, eríálì tuntun kò sì rí i gbá mú. Yéè! Nídìí rédíò gan-an ni bàbá rẹ̀ jókòó sí, tó ń bá ọkùnrin kan ní ìlú òkèèrè ṣe fàájì, ó ń wí pé, "Ẹ̀ ń gbọ́ mi ketekete, àbí? Eríálì mi tuntun ni o!"

Ládiípọ̀ ló gbọ́ ọmọ náà lókè ìlú, lórí eríálì ọlọ́nà kan tirẹ̀. Ó pariwo sínú rédíò pé, "Di igi ọkọ̀ mú, mo ń bọ̀!" Ó sáré dé ilé Tíṣà létí omi.

"Akin! Ọmọ ẹ ń kú lọ sómi, o ò gbọ́ ni?"

"Ọmọ tèmi? Rédíò mi ò dákẹ́ látàárọ̀!"

Wọ́n tu ọkọ̀. Ọkọ̀ Ọmọ́lará ni wọ́n bá, ó ti dojú dé. Ọjọ́ kejì ni omi tó gbé òun fúnra rẹ̀ wá sétí èbúté.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, Tíṣà bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ni ọmọ òun sọ kẹ́yìn. Ládiípọ̀ kò fẹ́ sọ. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó ní, "Ó ń bi mí pé, 'Ṣé bàbá mi ò sí nílé ni?'"

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Èbúté-Ìrókò fi ń pa á lówe títí dòní pé etí tó fẹ́ gbọ́ ti gbogbo ọjà, kì í gbọ́ igbe ọmọ ilé rẹ̀.