Alákàn Kágò sí Òkè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò pìrí, ó fẹ̀yìn ti àpáta, ó dá lórí Alákàn. Ìbídùnní, kó ẹsẹ̀ rẹ jọ. Ẹni tí kò bá gbe orin nínú yín, mi ò ní parí ẹ̀ fún un.

Láyé ọjọ́un, bí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo ẹranko a jókòó sórí àpáta, wọn a máa wo ìràwọ̀. Àdàbà ni kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ìjì ti gbé gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ, òun nìkan ló kù nínú ìtẹ́. Ó ní:

"Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo fìtílà lókè lọ́hùn-ún. Ilé tí wọ́n tanná sí tó báyìí, ṣé kò ní onílé ni? Àbí àwa nìkan la wà láyé lọ́run?"

Erin tó jẹ́ ọba wọn ní, "A kì í wọlé onílé láìkágò. Ẹ jẹ́ ká kágò."

Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ń kọrin:

Onílé òkè, àgò o!
*Dáhùn, jọ̀ọ́ dáhùn.*
Iná ń jó nílé yín, a rí i.
*Dáhùn, jọ̀ọ́ dáhùn.*
Bẹ́ ẹ tilẹ̀ kéré bí eèrà,
*Dáhùn, jọ̀ọ́ dáhùn.*

Kẹ́kẹ́ pa. Lọ́jọ́ kejì, kẹ́kẹ́ pa. Ọdún yí po, kẹ́kẹ́ pa.

Alákàn ń wò wọ́n. Ebi ń pa á, odò ti gbẹ, ọ̀lẹ sì ni. Ó ní, "Ṣé ìdáhùn ni wọ́n ń wá? Wọ́n á rí i." Ó yọ́ gun ṣóńṣó àpáta, ó wọ ihò kan, ó ki ẹnu bọ akèrègbè. Bí wọ́n ti kágò nírọ̀lẹ́, ohùn kan bú láti òkè:

"Àgò yà o-o-o! Ebi ń pa àwa ará òkè. Ẹ gbé ekuru wá!"

Háà! Erin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹkùn bú sẹ́kún. Àdàbà ń wí pé, "Wọ́n wà. Wọ́n wà o." Ẹ̀wà tó fi pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló bó, ó lọ̀ ọ́, ó fi se ekuru. Ó gbé e sí ṣóńṣó àpáta níbi tí ohùn náà ti wá, ó sì sá padà tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù.

Kí lẹ rò pé Alákàn ṣe? Ó jẹ ẹ́. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì. Ẹ gbà mí, ta ní ń jẹ ekuru láìmumi? Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kágò, ó ní kí òun dáhùn:

"Àgò y... hík! Àgò... hík!"

Ekuru há a lọ́fun! Akèrègbè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí gbirigbiri wálẹ̀, ó fọ́ síwájú ọba. Àdàbà fò lọ wò ó. Alákàn ló bá nínú ihò, ekuru kún gbogbo ẹnu rẹ̀.

Kò bú u. Ó ní, "Alákàn, oúnjẹ kọ́ ló dùn mí. Mo ti gbà pé wọ́n wà." Ó bá ń sunkún.

Inú bí Erin. "Ìwọ tó fi àgò ṣeré, láti òní lọ, ilé tó o bá ti kágò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá ọ lóhùn."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Alákàn kágò nílé Ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n dákẹ́. Ó kágò nílé Àkèré, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú ilé, wọn ò dá a lóhùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ṣẹ̀rín. Ẹni tí wọn ò dá lóhùn, òkú ló jọ.

Nígbà tó yá, àwọn ẹranko ò wá sórí àpáta mọ́. Wọ́n ní òfo ni òkè. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Alákàn nìkan gun ibẹ̀, ó gbójú sókè. Àṣé kò tíì wò ó rí! Ìràwọ̀ lọ súà, òmíràn wà lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn náà, kò lópin. Ó rí bí òun ṣe kéré tó. Kò bèèrè oúnjẹ. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń kọrin:

Onílé òkè, àgò o!
*Dáhùn, jọ̀ọ́ dáhùn.*
Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè kí.
*Dáhùn, jọ̀ọ́ dáhùn.*

Ìràwọ̀ pupa kékeré kan, lápá ibi tí oòrùn wọ̀ sí, ó kú. Ó tàn. Ó kú, ó tàn. Ó kú, ó tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Alákàn sún mọ́ etí àpáta. Ó tún pàtẹ́wọ́, lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́tẹ̀ yìí. Ìràwọ̀ náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.

"Yéè! Ẹnìkan ń bẹ níbẹ̀!" Ẹnu yà á dé ibi pé ojú rẹ̀ méjèèjì yọ kúrò nínú agbárí, ó nà gan-an-ran sókè.

Ó sáré wálẹ̀, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn, torí kò fẹ́ kẹ̀yìn sí ìràwọ̀ náà. Ilé Àdàbà ló gbà lọ. "Àgò o! Ìyá Àdàbà, wọ́n wà! Wọ́n dáhùn! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jáde wá wò ó!"

Àdàbà gbọ́ ọ ketekete nínú ìtẹ́ rẹ̀. Ó fi ìyẹ́ bo orí, ó sì dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ojú Alákàn ti dúró sókè. Ibi tí mo bá a dé rèé. Bí mo bá parọ́ fún yín, tí mo bá kágò nílé yín lọ́la, ẹ má dá mi lóhùn.