Ìwọ̀ Oòrùn Wo?

Bí ẹni méjì bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà síra wọn, tí àwọn méjèèjì sì gbà, ta ni kò gbọ́ nínú wọn? Olùkọ́ wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà ló bi wá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń fi ṣíbí kékeré kan sápò ẹ̀wù pẹ̀lú bírò rẹ̀, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ife tíì kì í jìnnà sí i. Mo ti mọ̀wé débi tí mo fi lè kọ eléyìí, síbẹ̀ mi ò tíì rí ìdáhùn fún ìbéèrè yẹn. Ìtàn tó fi bi wá ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ìwọ abiyamọ tó ń kà á.

Ọkùnrin kan wà tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Yàrá méjì ni ilé náà ní, òrùlé páànù kan náà ló bò wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà kò tíì ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Ọyẹ́ ń parí lọ nígbà yẹn, ojú ọjọ́ kò sì dúró sójú kan. Lọ́jọ́ Ajé, ọyẹ́ ń la ènìyàn létè. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ooru mú débi pé ìyá ọmọ ń fi páálí fẹ́ ọmọ. Lọ́jọ́rú, òjò ṣú, ó tún tú ká. Ọkùnrin náà rò ó pé bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ kí òun tó tún òrùlé ṣe, orí ìkókó ni yóò máa kán sí.

Lọ́jọ́bọ̀, ó tan rédíò ní kùtùkùtù. Ẹni tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní, "Lónìí, ọyẹ́ yóò mú ní ìlà oòrùn, òjò yóò sì rọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn." Ọkùnrin náà yọjú síta. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, òtútù mú un títí dé egungun. Ó ní, "Àwọn èèyàn yìí mà mọ̀ ọ́n o." Ó ṣírò rẹ̀ pé kí oòrùn tó wọ̀, òun á ti kan páànù tuntun tán. Ó gbé àkàbà, ó gun òkè ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ti àtijọ́.

Ìyá àgbà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ń kó ata tó sá sórí àpáta sínú agbọ̀n nígbà tó gbọ́ ìró òòlù.

"Bàbá ìkókó, ṣé o ò gbọ́ rédíò láàárọ̀ ni?"

"Mo gbọ́, Ìyá. Ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n wí."

"Ìwọ̀ oòrùn náà ni. O wá ń tú páànù?"

"Ìdí tí mo fi ń yára nìyẹn, mà."

"Ó dáa. Irú ìyára yìí kò ṣojú mi rí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín lókè, pé àgbà ti dé sí ìyá yìí, ó ń kó ata wọlé láàárọ̀ nítorí òjò ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà mirí nísàlẹ̀, pé etí àwọn ọmọ ìsinsìnyí le jù. Kálukú bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Aago kan ọ̀sán kò tíì lù tí ìjì fi dé, òjò sì tẹ̀lé e. Páànù mẹ́rin péré ló kù lórí ilé. Ìyàwó gbé ọmọ sábẹ́ ìró, ó sá lọ sí ilé ìdáná ìyá àgbà, ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, omi ti wọ aṣọ ọmọ.

Ìyá àgbà pariwo. "Ṣebí mo bi ọ́!"

"Mo sì dá yín lóhùn, Ìyá! Ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n wí, oòrùn ò tíì wọ̀!"

Ìyá àgbà wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Apá ibo ni ìlú wa wà ní ìpínlẹ̀ yìí?"

Apá ìwọ̀ oòrùn ni.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọ ń wúkọ́, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún wọn ní òògùn olómi, ó ní, "Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ o."

Ìyàwó ní, "Ṣíbí kan, mà. A ti gbọ́." Ó ti dìde. Ọkùnrin náà kò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣíbí wo?"

"Bàbá, ṣíbí ni mo wí. Àbí ọwọ́ lẹ fi ń jẹun nílé yín?" Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí tí a fi ń jẹ ìrẹsì la ní. Ẹ fi tiyín hàn mí."

Nọ́ọ̀sì mú ṣíbí kékeré kan jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Ṣíbí ilé ọkùnrin náà á gba irú rẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì fi ṣíbí náà lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa mú un lọ. Ọmọ náà wúkọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó sùn, ó jí, ó mu ọmú.

Ìwọ náà, má fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ọ dá wọn lóhùn. Fi òmíràn dá wọn lóhùn, kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí o gbọ́. Bí wọ́n bá ní ìrọ̀lẹ́, bi wọ́n pé aago mélòó. Bí wọ́n bá ní omi gbígbóná, bi wọ́n bó ṣe gbóná tó. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí oorun mi ń dá bí ọmọ mi bá sín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín tó, mo ṣì ń béèrè.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ sọ ìtàn yìí, mo bi í pé ta ló sọ ọ́ fún un. Ó ní ká ṣí ìwé wa. Ọmọ mi kejì ti ń rìn kí n tó mọ̀ pé ṣíbí àpò ẹ̀wù rẹ̀ kì í ṣe ti tíì rárá. Nọ́ọ̀sì ló fún un, lọ́dún tó tú páànù ilé rẹ̀.