Ilé Ni Mo Fẹ́ Rà, Kì í Ṣe Díákónì

Mosúnmọ́lá, fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kí o gbọ́ mi. Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ díákónì ìjọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń kó jọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ni wọ́n fẹ́ dà sí i, wọn kò sì ní òmíràn. Ilé náà wuyì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà funfun, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni, ilẹ̀ gbẹ táútáú.

Bí wọ́n ti máa ń ṣe, ó kọ́kọ́ mú awọnlẹ̀ lọ. Ìyẹn wọn ilẹ̀, ó rí àwọn òkúta ààlà ní ipò wọn, ó ní kò sí ẹni tó ń bá díákónì du ibẹ̀. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ìyàwó ti ń wọn ojú fèrèsé fún kọ́tìnì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ní, "Ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí ni awọnlẹ̀ sọ fún mi. Kò sọ bí ara ilé ṣe rí. Mo fẹ́ kí ẹnjiníà wá yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀rọ̀ di wàhálà. Díákónì fajú ro. Ó ní, "Ṣé oníjìbìtì ni mí ni? Èmi tí mo ń gbé Oúnjẹ Olúwa fún ọ?" Àwọn àgbà ìjọ ní ọkùnrin náà ti tàbùkù ẹni ńlá. Wo bí a ṣe rí o. A máa ń tẹ iṣu wò, a máa ń gbọn ẹyin létí, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ta ilé bá ti jẹ́ ẹni tiwa, ojú á máa tì wá. Ìyàwó rẹ̀ gan-an bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ó dá a lóhùn pé, "Ìyá Ìbùkún, ilé ni mo fẹ́ rà, kì í ṣe díákónì."

Ẹnjiníà dé, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gun àjà, ó wo páànù, ó fi ìka kan ògiri kiri. Ó wá ku yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ìyá díákónì ń sùn. Díákónì ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, pé màmá ń sinmi. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún màmá, ó fà á lọ́wọ́ jáde jẹ́jẹ́, ó gbé àga fún un lábẹ́ igi máńgòrò.

Wọ́n sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán débi pé ìka ń wọ inú rẹ̀. Ẹnjiníà fi irin lu ilẹ̀, ó dún bí ìkòkò òfìfo. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n bá kànga àtijọ́ tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ilé náà fi pàǹtí dí, tó sì kọ́ yàrá lé lórí. Díákónì kò mọ̀. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé ibùsùn màmá lọ sí pálọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ dé, ilẹ̀ yàrá náà rì, kọ́bọ́ọ̀dù bá a lọ. Ibi tí màmá ń sùn sí gan-an ló kọ́kọ́ wọlẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, díákónì dìde níwájú ìjọ, ó ní ẹni tí òun bínú sí ló gba ìyá òun là. Màmá jó dé iwájú pẹpẹ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má di òun mú. Wọ́n wó yàrá náà, wọ́n fi òkúta àti kọnkéré dí kànga, wọ́n tún un kọ́. Kí ọkùnrin yìí tó sanwó, ó tún mú ẹnjiníà padà wá. Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa o. Ẹ má fojú fo ibì kankan." Inú ilé yẹn ni ọkùnrin náà wà títí di òní. Òjò ń rọ̀, ó ń sùn.

Mosúnmọ́lá, ìwọ ni mo ń bá wí. O ti wádìí ìdílé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọ: wọn kì í jalè, wọn kì í lu ìyàwó, ọmọ àlùfáà ni. Ó dára, o ti wọn ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o mọ̀ pé AS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ, o ní ojú ń tì ọ́ láti ní kó lọ yẹ tirẹ̀ wò, kó má baà rò pé o fojú burúkú wo òun. Bí tirẹ̀ náà bá jẹ́ AS ńkọ́, tí ẹ wá bí ọmọ SS, tí egungun á máa ro ó títí ayé? Ta ló sọ fún ọ pé òun alára mọ̀? Kì í ṣe òun lo fẹ́ dójú tì. Ọmọ tí ẹ kò tíì bí ló máa sùn nínú yàrá yẹn.

Ó yá, gbé fóònù rẹ. Pè é.