Ilẹ̀ Pákó Dúrójayé

Kò dá Dúrójayé lójú ohun tó yẹ kó ṣe. Ìjì ń bọ̀ láti ojú òkun, gbogbo abúlé sì ń tú pákó ilẹ̀ ilé orí òpó wọn, kí omi lè ráyè kọjá láì gbé ilé lọ. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ tirẹ̀ ni. Ó ń kan ìṣó kún ìṣó.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ṣé òkun lẹ fẹ́ kàn mọ́lẹ̀ ni?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru."

"Pákó yìí dára púpọ̀."

"Ó dára. Ilé ńkọ́?"

Igbi kan gbá abẹ́ ilé. Ilé gbéra díẹ̀ lórí òpó, ó tún jókòó. Dúrójayé yí ẹ̀yìn òòlù sí ìṣó àkọ́kọ́.

"Ìyá Ẹ̀bùn, a óò tú u."