Oyin Ẹtu àti Ìwárìrì Ọ̀kẹ́rẹ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ẹtu tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ wọ̀bìà, aládùúgbò rẹ̀.

Àràárọ̀ ni Ẹtu ń mu àgbo kíkorò tí Ìyá Erin oníṣègùn sè fún un. Àgbo náà ń fa adùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀.

Ìyá Erin kìlọ̀ fún un: "Ọpọlọ inú orí rẹ ló ń ṣọ́ adùn yẹn. Bó bá rí i pé ó ti lọ sílẹ̀ jù, á figbe ta. Ara rẹ á gbọ̀n, òógùn á bò ọ́. Má jiyàn o! Lá oyin kíá!"

Ẹtu wá rọ oyin sínú àdó kan.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ló ṣe? Ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ẹtu! Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀gbọ́n Ẹtu, gbà mí o!
— Rìrì-rìrì!
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n!
— Rìrì-rìrì!
Òòyì ń kọ́ mi!
— Rìrì-rìrì!
Fún mi lóyin lá!
— Rìrì-rìrì!

Àánú ṣe Ẹtu, ó fún un. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀kẹ́rẹ́ tún ṣubú. Lọ́jọ́ kẹta ńkọ́? Ó tún ṣubú! Oyin wá ku ìwọ̀n tí ẹnu lè lá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá Erin fura. "Ọ̀kẹ́rẹ́, àgbo wo lo mu tó ń mú ọ gbọ̀n?"

"Irú ti Ẹtu ni, Ìyá!"

"Irọ́ lò ń pa."

"Irọ́ kẹ̀? Ẹ wò ó!" Ó já igbá àgbo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Ìyá Erin tó nawọ́, ó ti gbé e mì.

Kò pẹ́ ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lóòótọ́. Ó wọ́ dé ẹnu ọ̀nà Ẹtu, ó fẹ́ kọrin, ohùn kò jáde. Àwọn ẹranko bú sẹ́rìn-ín: "Ó tún ti dé!"

Ẹtu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rí òógùn tó ń kán ní imú Ọ̀kẹ́rẹ́. "Ẹ dákẹ́! Mo mọ èyí. Kì í ṣe eré!"

Ó wo oyin tó kù. Òun náà ti mu àgbo láàárọ̀. Bí tirẹ̀ bá dé ńkọ́? Ó mí kanlẹ̀, ó da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ojú Ọ̀kẹ́rẹ́ là. Ẹsẹ̀ Ẹtu ló kọ́kọ́ rí, ó ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n! Kò sí oyin mọ́?"

Òógùn ti bo Ẹtu.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò dúró. Pẹ̀lú ìwárìrì tó ṣì wà lára rẹ̀, ó gun igi agbálùmọ̀ dé ṣóńṣó, ó já èyí tó pọ́n jù, ó fún omi rẹ̀ sí Ẹtu lẹ́nu. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹtu mí, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń fi èso pamọ́ káàkiri inú igbó, tí ìrù rẹ̀ kì í sì í yé gbọ̀n.

Ibi tí mo bá wọn dé rèé. Bí mo bá parọ́, ẹ má gbè fún mi mọ́.