Ìka Tí Àyọ̀ká Lọ Tọrọ

Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé." Ṣùgbọ́n bí Àyọ̀ká opó bá ti oko dé, á ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "A dé o," bí ìgbà tóun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń bọ̀. Kò sẹ́ni tí í dáhùn.

Ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń pọn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ọtí àtijọ́ ní í mú kí tuntun hó, ṣùgbọ́n ọtí gbígbóná a máa pa á. Iná ti sọ ìka Àyọ̀ká di igi, kò mọ ooru mọ́, ọkọ rẹ̀ ló máa ń ti ìka bọ ọtí, tí í ní, "Ó ti tutù."

Ṣíjúwadé, aládùúgbò rẹ̀ tóun náà ń pọntí, ti bẹ̀ ẹ́ rí: "Ìyá, ẹ jẹ́ n máa wá bá yín ti ìka bọ̀ ọ́ wò."

"Mo lè dá a ṣe."

Ó dá a ṣe lóòótọ́. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, kò mọ̀ pé ó gbóná, ó dà á sórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ọtí kò hó. Ó dákẹ́ bí ilé Àyọ̀ká.

Ó gbé igbá, ó lọ bá Ṣíjúwadé. "Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ ni mo wá tọrọ," ó ní, "àti ìka."

Wọ́n jọ padà. Lẹ́nu ọ̀nà, Àyọ̀ká dúró bí ìṣe rẹ̀, ó la ẹnu. Ṣíjúwadé ló bá a sọ ọ́: "A dé o."